Ohùn tí a ti Gé Kúrò: Ìtàn Ìgbóhùnsílẹ̀, Síídì àti Orin Ẹ̀fẹ̀ ní Ẹkùn Ààlà Yewa

Ìfáàrà

Ìhùnbọ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọdé àti Ajílété wá tí ó sì lọ sí Ìdí-Ìrókò. Ìlú náà kò jìnnà sí ààlà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fi àdéhùn ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 là gba àárín àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sọ èdè kan náà, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, tí wọ́n sì ń bọ àwọn òrìṣà kan náà. Gbogbo ẹkùn yìí, láti Kétu àti Ìmẹ̀kọ títí dé Ìlaròó, Sàkẹ́tẹ́ àti Ìpókíá, ni a lè pè ní ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní òru ni akọrin Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde. A ṣe ìbà fún àwọn ìyá wa, a gbàdúrà fún ìlú, a fi orin bú ẹni tí ó yẹ ní bíbú, a sì rán àwọn ènìyàn létí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń wáyé. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ó sì wọ àkójọ àjọ náà ní ọdún 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò.

Àwọn òpìtàn kò fi ojú eré lásán wo orin wọ̀nyí. A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bí a ṣe lè fi orin Ẹ̀fẹ̀ wá ìtàn ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí ó jáde nínú ìwé tí Wándé Abímbọ́lá ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1975. Ìwé ńlá Asíwájú lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó láti ọdún 1889 sí 1945 tẹ̀ lé e ní ọdún 1976. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó ń kọ ìtàn ẹkùn yìí tí ó lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ẹ̀rí wà nínú orin.

Ṣùgbọ́n orin tí a kò gbà sílẹ̀ a máa bá ẹni tí ó kọ ọ́ lọ, èyí tí a sì gbà sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Bí a bá rí ẹni tí ó ní kásẹ́ẹ̀tì Ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ kan ní Ìhùnbọ̀ tàbí ní ìlú mìíràn ní agbègbè náà, ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé yóò gbé e lọ fún ọ̀dọ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ́ náà yóò sọ ọ́ di fáìlì MP3, yóò sì kọ ọ́ sínú síídì, ohun tí wọ́n ń pè ní bíbọ́ọ̀nù síídì. Nígbà tí wọ́n bá fi síídì náà sínú ẹ̀rọ tí ohùn rẹ̀ kò sì dùn tó bí wọ́n ti rò, wọn a ní síídì náà kò dára, tàbí pé ẹni tí ó kọ ọ́ sáré jù. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ẹjọ́ náà kì í ṣe ti síídì. Gbogbo ohun tí a ń pè ní ohùn dídára nínú síídì bẹ́ẹ̀ ni a ti pinnu kí síídì tó dé, a sì gbọ́dọ̀ mọ ìtàn bí a ti ń gé ohùn kù láti ìgbà dé ìgbà kí a tó lè mọ ibi tí a ti lè tún un ṣe.

Láti inú ìwo dé inú kásẹ́ẹ̀tì

Ọdún 1877 ni Thomas Edison ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ gba ohùn sílẹ̀ tí ó sì sọ ọ́ jáde padà. Ó tó ọdún márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn èyí kí Àlùfáà Jósíà Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti kọ orin 43 fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní ọdún 1922. Iṣẹ́ ńlá ni èyí jẹ́ nínú ìtàn orin Yorùbá, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa gidigidi. Ní ọdún 1922, a kò tíì máa fi iná mànàmáná gba ohùn sílẹ̀. Ọdún 1925 ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ìwo ńlá kan ni akọrin máa ń kọrin sí, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni yóò sì mú kí abẹ́rẹ́ gbẹ́ ojú ìda. Ìwo yìí kò lè gba gbogbo ohùn. Ìwọ̀n tí ó máa ń gbà wà láàrin nǹkan bí 250 sí 2,500 hertz. Ohùn ìlù ńlá tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kò wọlé, ìró bíi ti *s* tí ó wà lókè náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọlé. A ń gbọ́ ohùn bàbá náà lónìí, ṣùgbọ́n etí wa ni ó ń fi *s* sí ibi tí ó yẹ kí ó wà, nítorí pé a mọ èdè náà.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé èyí nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ MP3. Gígé ohùn kù kò bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹ̀rọ ìgbóhùnsílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ní ohun tí ó ń yọ sílẹ̀, ohun tí ó sì yàtọ̀ ni irú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń yọ sílẹ̀ àti ẹni tí ó yàn án bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún 1925 ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í kún sí i. Túndé King kọ orin jùjú fún Parlophone ní ọdún 1936. Àwọn àwo tí ó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń lò nígbà náà, ojú kan kò sì ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nítorí náà akọrin tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe ní òde àríyá láti alẹ́ di òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwo ńlá tí ó ń yí ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdá mẹ́ta, tí ilé-iṣẹ́ Columbia gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1948, ni ó tú wọn sílẹ̀. Nígbà tí ó fi di àárín ọdún 1970 sí 1979, Ebenezer Obey lọ́dọ̀ Decca àti Sunny Adé lọ́dọ̀ African Songs ti ń kọ orin tí ó gba odidi ojú àwo kan láìdánudúró: orin kan a wọ inú èkejì, ìlù kò sì ní sinmi. Ọmọ ẹkùn ààlà yìí gan-an, Olóyè Bọ́lárìnwá Abíórò ti Ìpókíá, ni ó ni ilé-iṣẹ́ African Songs. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ ojú àwo tí kò dánudúró yìí, nítorí pé ó di wàhálà nígbà tí síídì dé.

Kásẹ́ẹ̀tì, tí Philips gbé jáde ní ọdún 1963, ni ó gbé agbára ìgbóhùnsílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó sì fi í lé ará ilé lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe kí àgbẹ̀ tàbí tíṣà gbé ẹ̀rọ kékeré lọ sí ojú agbo Ẹ̀fẹ̀ ní òru. Àǹfààní náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ẹni. Téèpù rẹ̀ kò fẹ̀ tó mílímítà mẹ́rin, ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 4.76 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irú téèpù bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìró *ṣíìì* kan lábẹ́ orin. Bí a bá da kásẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn, ìró *ṣíìì* ti èkejì yóò gùn orí ti àkọ́kọ́, ohùn òkè yóò sì dín kù. Ẹni tí ó bá ra kásẹ́ẹ̀tì tí a dà láti inú kásẹ́ẹ̀tì tí a dà láti inú kásẹ́ẹ̀tì ti ra àwòrán òjìji.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ọ̀nà àdàkọ yìí nìkan ni ó kù fún ọ̀pọ̀ orin. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀ ní ọdún 1986 tí náírà sì já wálẹ̀, ṣíṣe àwo ńlá di ohun tí apá kò ká mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ orin láti òkèèrè kúrò ní Nàìjíríà, àwo ńlá sì dàwátì lórí àtẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 1999. Kásẹ́ẹ̀tì gba ipò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fáìlì orin Yorùbá àtijọ́ tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà lónìí kì í fi í ṣe láti inú téèpù ilé-iṣẹ́ ni a ti mú un, bí kò ṣe láti inú àwo tí ó ti họ tàbí kásẹ́ẹ̀tì tí a ti dà lọ dà bọ̀.

Síídì àti fáìlì tí a fún pọ̀

Philips àti Sony ni wọ́n jọ ṣe síídì. Wọ́n fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1980, ó sì dé ọjà ní Japan ní oṣù kẹwàá ọdún 1982. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ rọrùn láti ṣàlàyé. A ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, a ń fi bíìtì 16 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, a sì ń ṣe èyí fún apá òsì àti apá ọ̀tún. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, a ó rí bíìtì 1,411,200 fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n yìí kò yí padà, ì báà jẹ́ orin ni a kọ sí i tàbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Orin tí ó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta yóò gba ààyè tí ó lé ní mégábáìtì 31, síídì kan kò sì lè gbà ju ìṣẹ́jú 80 lọ.

Ní àkókò kan náà, ní ìlú Erlangen ní Jámánì, Karlheinz Brandenburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀ àti ní ilé ìwádìí Fraunhofer ń wá bí ohùn ṣe lè gba ojú wáyà tẹlifóònù tóóró kọjá. Iṣẹ́ wọn ni ó bí MP3, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1993, tí wọ́n sì yan orúkọ *.mp3* fún ní ọdún 1995. Ohun tí wọ́n gbára lé ni àìlera etí ènìyàn. Bí gángan bá dún kíkankíkan, etí kò ní gbọ́ ìró jẹ́jẹ́ tí ó sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n ohùn tàbí ní àkókò. Kí ni ìdí tí a ó fi máa tọ́jú ohun tí a kò gbọ́? MP3 a gé orin sí abala kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n 1,152, ìyẹn bí ìdá méjìdínlógójì ìṣẹ́jú-àáyá kan. A wo ohun tí ó bo èkejì mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. A sì da èyí tí a bò nù, tàbí kí ó kọ ọ́ ní ìkọkúkọ. Bí a bá fi kílóbíìtì 128 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohun tí ó kù jẹ́ bí ìdá mọ́kànlá ohun tí ó wà nínú síídì. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ó gba mégábáìtì 31 wá ń gba nǹkan bí mẹ́ta.

Ó yẹ fún àkíyèsí pé orin tí Brandenburg fi dán iṣẹ́ rẹ̀ wò jù lọ ni "Tom's Diner" tí Suzanne Vega kọ, orin tí kò ní ìlù kankan nínú àfi ohùn obìnrin kan ṣoṣo. Ohùn ènìyàn láìsí ohun tí yóò bò ó mọ́lẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi àléébù MP3 hàn, ni wọ́n bá tún un ṣe títí ohùn náà fi dára. Nítorí náà a lè sọ pé ohùn akọrin kan ní ilẹ̀ òkèèrè wà lára ohun tí ó pinnu èyí tí MP3 ń pa mọ́ àti èyí tí ó ń dà nù. Kò sí ẹni tí ó fi ìró irin ẹsẹ̀ oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dán an wò.

Ibi tí ìyẹn ti kan orin Yorùbá gan-an ni a gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wò, nítorí pé àwọn kan ti máa ń sọ pé MP3 ń ba ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè Yorùbá jẹ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìró tí ó gbé ohùn èdè wa wà ní ìsàlẹ̀, ní ìwọ̀n bí 80 sí 300 hertz fún àwọn àgbàlagbà, MP3 sì ń pa ibẹ̀ mọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí dùndún ń sọ pẹ̀lú kì í sọnù. Ohun tí ó ń jìyà ni ìró tí ó gbóná tí ó sì kúrú. Bí ọ̀pá bá kan awọ lójijì lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àṣìṣe tí MP3 ṣe nínú abala yẹn yóò tàn ká gbogbo abala náà, a ó sì gbọ́ ariwo fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kan ṣáájú kí ìlù tó dún, bí ìgbà tí òjìji ènìyàn ṣáájú ènìyàn wọlé. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo nínú àpàlà irú ti Àyìnlá Ọmọwúrà, ìpàtẹ́wọ́ àti ariwo èrò, àti irin ẹsẹ̀ tí a ti sọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìwọ̀nyí kún fún ohùn òkè tí kò ní ìlànà tí ó ṣe é fún pọ̀. Ní kílóbíìtì 128, a sábà máa ń gé ohun tí ó bá ju bí 16,000 hertz lọ, ìyókù a sì máa dún bí ẹni ń da omi. Ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti irin ẹsẹ̀ oníjó ń bá ara wọn dáhùn ni. Bí ọ̀kan bá di omi, ìdáhùn náà ti bàjẹ́.

Àwo MP3 ti Alábà

Síídì tí ènìyàn lè kọ fúnra rẹ̀ jáde láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Taiyo Yuden ti Japan ní ìparí ọdún 1980 sí 1989. Nígbà tí owó rẹ̀ wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ọjà Alábà ní Òjò, ní Èkó, di ibi tí a ti ń kó gbogbo orin akọrin kan sínú àwo kan. Ìṣirò rẹ̀ fi ìdí tí ọjà náà fi tà hàn. Síídì orin gidi kò gbà ju ogún orin oníṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ MP3 oníkílóbíìtì 128, orin tí ó lé ní 180 yóò wọ inú àwo kan náà. Àjọ tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò STRAP ní ọdún 2005 láti kọjú ìjà sí àdàkọ láìgbàṣẹ, wọ́n sì gbé ìlànà jáde ní ọdún 2006 fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe síídì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti owó àwọn olórin tóbi ju ohun tí iṣẹ́ yìí lè gbé. Èyí tí ó kàn wá ni pé ọ̀pọ̀ ilé ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó jẹ́ pé irú àwo bẹ́ẹ̀ nìkan ni àkójọ orin tí wọ́n ní, láti inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mú fáìlì tí wọ́n ń kọ sínú síídì mìíràn.

Ibí yìí ni ojú àwo tí kò dánudúró ti di wàhálà. Ẹni tí ó fẹ́ ta odidi ojú àwo Sunny Adé gẹ́gẹ́ bí orin mẹ́rin a gé e sí mẹ́rin. MP3 kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ tí ń fún un pọ̀ máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ díẹ̀ sí níwájú àti lẹ́yìn, kí abala rẹ̀ lè pé. Síídì pẹ̀lú ní abala tirẹ̀, tí ó jẹ́ ìwọ̀n 588, mẹ́rìnléláàádọ́rin àti ẹyọ kan nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí orin kò bá pé abala, a ó fi òdo dí i. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ẹni tí ń kọ síídì bá jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ orin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kì í ṣe odidi àwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú-àáyá méjì yóò wà láàrin orin kan àti èkejì. Ohun tí akọrin ṣe ní ìdìpọ̀ kan wá di ègé mẹ́rin. Ẹni tí kò bá gbọ́ àwo àkọ́kọ́ rí yóò rò pé bí olórin ṣe ṣe é nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi irú síídì bẹ́ẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ìgbékalẹ̀ orin jùjú, kí ó sì kọ̀wé pé orin náà kúrú.

Kíkọ síídì láti inú fáìlì

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ni bí a ṣe lè ṣe é dáadáa, èrò mẹ́ta tí ó gbajúmọ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Èrò àkọ́kọ́ ni pé bí a bá sọ MP3 oníkílóbíìtì 128 di ti 320, tàbí tí a bá sọ ọ́ di WAV, yóò dára sí i. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo MP3 ni a gbọ́dọ̀ tú sí ìwọ̀n ti síídì kí ó tó lè di síídì orin, nítorí náà gbogbo síídì orin ni ó máa ń gba bíìtì 1,411,200 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n ohun tí a dà nù ní ìbẹ̀rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Garawa ńlá kò sọ omi kékeré di púpọ̀. Fífi MP3 ṣe MP3 mìíràn tilẹ̀ burú ju kí a fi í sílẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀rọ yóò tún gé nínú èyí tí ó ṣẹ́ kù. Bí ẹnìkan bá sì mú síídì tí a ṣe láti inú MP3, tí ó tún yọ orin inú rẹ̀ sínú MP3, ó ti gé e lẹ́ẹ̀mejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé síídì tí ó wà láàrin mú kí ó dàbí ẹni pé láti orísun tí ó mọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìtànjẹ yìí ni ó léwu jù fún olùṣèwádìí.

Èrò kejì ni pé bí a bá kọ síídì ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ohùn rẹ̀ yóò dùn sí i. Ìyára kì í yí ohùn padà. Síídì ní ọ̀nà tí ó ń gbà tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe, bí ẹ̀rọ bá sì lè ka gbogbo bíìtì, ohùn kan náà ni yóò jáde. Ohun tí ìyára tí kò bá àwo àti ẹ̀rọ mu lè fà ni àṣìṣe tí ó pọ̀, tí ẹ̀rọ àtijọ́ tàbí ti inú ọkọ̀ kò ní lè tún ṣe, orin a sì máa fò tàbí kí ó máa ta. Nítorí náà ìmọ̀ràn náà ní ìwúlò díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí àwọn ènìyàn ń sọ kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni pé kí a yí ohùn òkè sókè kí orin lè "mọ́". Èyí a máa gbé ìró *ṣíìì* téèpù àti omi tí MP3 dá sílẹ̀ sókè pọ̀ mọ́ orin.

Ohun tí ó wúlò kò pọ̀. Kí a wá fáìlì tí ó sún mọ́ orísun jù lọ, kí a má ṣe wo bí ó ti tóbi nìkan, nítorí pé fáìlì 320 tí a ṣe láti inú 128 wà káàkiri. Bí fáìlì bá wà ní ìwọ̀n 48,000 tàbí 22,050, kí a lo ẹ̀rọ tí ó dára láti sọ ọ́ di 44,100, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí orin bá pariwo púpọ̀, títú MP3 lè mú kí ṣóńṣó ohùn kọjá òkè tí síídì lè gbà, kí ó sì máa ya. Kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a ń tú u, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó ti ya tán. Kí a so àwọn ègé ojú àwo kan pọ̀, kí a sì kọ odidi síídì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí a má ṣe fi síídì sílẹ̀ nínú oòrùn, nítorí pé aró ni a fi kọ ọ́, aró sì máa ń ṣá.

FLAC, tí Josh Coalson gbé jáde ní ọdún 2001, yàtọ̀ sí MP3 pátápátá: òun náà ń fún fáìlì pọ̀, a sì máa dín in kù tó ìdajì nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í da ohunkóhun nù. Síídì tí a ṣe láti inú FLAC tí a fi síídì ṣe bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba ní bíìtì sí bíìtì. Ó ṣeni láàánú pé nítorí "fífún pọ̀" tí a ń pe méjèèjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kà wọ́n sí ọ̀kan náà.

Kásẹ́ẹ̀tì Ẹ̀fẹ̀ àti òpìtàn

Bí a bá padà sí ẹkùn ààlà, ewu tí ó wà níbẹ̀ lónìí kì í ṣe ti kílóbíìtì 128. Tẹlifóònù alágbèéká ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tẹlifóònù àtijọ́ ń fi irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní AMR gba ohùn sílẹ̀, èyí tí ó ń wọn ohùn ní ìgbà 8,000 péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí ó bá ju 4,000 hertz lọ kò lè wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ *s* àti *ṣ* àti *f* fi púpọ̀ nínú ara rẹ̀ pamọ́ sí. Ní ẹ̀ka èdè tí ó ya *s* àti *ṣ* sọ́tọ̀, kí akọrin Ẹ̀fẹ̀ sọ pé àwọn kan *sá*, tàbí pé wọ́n *ṣá* ènìyàn, ìtàn méjì ni. Ohùn òkè kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ìró *s* nìkan ni ó là wọ́n. Ìwo Zonophone ti ọdún 1922 àti tẹlifóònù alágbèéká jọ gé ibi kan náà kúrò. Fún Jósíà Ransome-Kútì, orin ìgbàgbọ́ tí àwọn ènìyàn mọ̀ sórí ni ó pọ̀ nínú ohun tí ó kọ, a sì lè fi ìmọ̀ wa dí àlàfo. Fún orin Ẹ̀fẹ̀ tí a kọ ní òru kan ṣoṣo nípa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti kú, kò sí ohun tí a ó fi dí i. Bí a bá wá kọ fáìlì AMR bẹ́ẹ̀ sínú síídì, yóò gba ààyè bíi ti ilé-iṣẹ́ ńlá, orúkọ akọrin yóò wà lára páálí rẹ̀, *s* kò sì ní sí níbẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ti ọdún 1975 sàn ju èyí lọ púpọ̀, bí ó tilẹ̀ ní ìró *ṣíìì*. Ṣùgbọ́n ó ní àkókò. Ẹ̀rọ tí ó lè lù ú dáadáa ti ń ṣọ̀wọ́n, àwọn tí wọ́n mọ bí a ṣe ń tún un ṣe ti ń darúgbó. Iṣẹ́ tí ó ṣe kókó jù ni èyí tí a ń ṣe kí kọ̀ǹpútà tó gbọ́ ohunkóhun: kí a nu hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ mọ́, kí a sì yí ìdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí hẹ́ẹ̀dì yóò fi dúró bí ti ẹ̀rọ tí ó gba ohùn náà sílẹ̀ ní òru ọjọ́ náà. Ìyípadà tí kò tó ìdajì yíyí ìdè kan lè mú ohùn òkè tí a rò pé ó ti kú padà wá, nítorí pé ó wà lórí téèpù, ẹ̀rọ ni kò rí i. Èyí nìkan ni ibi tí ohun tí ó sọnù ti ń padà nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sì gba ju etí, súúrù àti síkúrúdíráfà kékeré kan lọ.

Lẹ́yìn náà, ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn ní àgbáyé, IASA, gbé jáde ní ọdún 2004 tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2009 sọ pé kí ìwọ̀n náà má ṣe kéré sí 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ̀lú bíìtì 24. Èyí ni fáìlì tí a ó tọ́jú, ní ibi méjì ó kéré tán, láìfọwọ́ kan ìró *ṣíìì* inú rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni a ó ti ṣe síídì fún ìdílé akọrin, kí a sì ti ṣe MP3 fún àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi sórí fóònù. Olùtọ́jú ní Ìhùnbọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé ètò yìí lè fi MP3 rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìbátan rẹ̀ ní Sàkẹ́tẹ́ ní ọjọ́ kan náà, bí òpìtàn bá sì dé ní ọdún kẹwàá láti bi í pé wọ́n *sá* ni tàbí wọ́n *ṣá*, fáìlì ńlá ni wọn yóò jọ jókòó tì.